Kàlẹ́ńdà Tí Kò Ní Sọ́ńdè

"Àǹtí, ṣé nǹkan bíńtín yìí ló ń pàṣẹ fún gbogbo kọ̀ǹpútà yìí?" Delight lanu, kò rántí pa á dé.

Àǹtí Oyèbísí, ọ̀gá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ní Bajulaiye, rẹ́rìn-ín. Kọ́kọ́rọ́ náà kò ju ẹ̀pà tí a kò tíì pa lọ. Bí wọ́n bá kì í bọ kọ̀ǹpútà, ètò tí wọ́n fi ń ṣe kàlẹ́ńdà á jí. Bí wọ́n bá yọ ọ́, ó kú nìyẹn! "Ẹni tó bá ra ètò yìí nìkan ni wọ́n ń fún ní kọ́kọ́rọ́ ẹ̀." Ọrùn ni Àǹtí máa ń gbé e kọ́.

Ọrùn yẹn náà ló gbé e kọ́ lọ sí Abẹ́òkúta. Ó gbàgbé láti fi í sílẹ̀! Kàlẹ́ńdà ìjọ àwọn apẹja Bariga sì gbọ́dọ̀ jáde lọ́jọ́ kejì. Bí Delight bá ṣe é yege, Àǹtí á gbà á síṣẹ́ lẹ́yìn ìdánwò àṣekágbá ilé ìwé rẹ̀.

"Èwo ni ti kọ́kọ́rọ́?" Fuad, ọmọ kíláàsì rẹ̀, ki fláàṣì bọ kọ̀ǹpútà. "Ètò yẹn náà ló wà níbí; wọ́n ti já àgádágodo tèmi." Ètò jí! Wọ́n jó yí ṣọ́ọ̀bù po.

Raphael tó ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn tẹ ọ̀ọ́dúnrún kàlẹ́ńdà. Bàbá Ọlápọ̀sí, alàgbà ìjọ, wá kó o. Ó ń fi ìka kà á. "Sátidé rèé. Mọ́ńdè rèé. Delight, Sọ́ńdè dà?"

Kò sí ní oṣù kìíní. Kò sí ní oṣù kejìlá!

"Ìjọ tí kò ní Sọ́ńdè! Ṣé kí n lọ máa bá ẹja jọ́sìn ni?"

Raphael mi orí. "Ètò olè ni ẹ lò. Àwọn tó ṣe é ti dẹ pàkúté sínú ẹ̀. Lójú kọ̀ǹpútà, gbogbo ẹ̀ á pé. Tó bá dórí ìwé, á bàjẹ́."

Orí Delight wú. Ẹni tí kò rí òun rí, lókè òkun, ti mọ̀ pé òun ń bọ̀!

Ibẹ̀ ni Àǹtí ti Abẹ́òkúta dé bá wọn. Fuad sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí Delight létí: "Sọ pé ẹ̀rọ Raphael ló bà á jẹ́."

Delight kúnlẹ̀. "Ẹ dárí jì mí, Àǹtí. Èmi ni. Ètò jíjí ni mo lò."

Àǹtí bọ́ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn. Delight dijú, ó ń retí ìgbátí. Kọ́kọ́rọ́ ló bà lé e lọ́rùn!

"Ẹni tó lè jẹ́wọ́ ló lè ṣọ́ ọ. Jókòó, tún un ṣe. Fuad, mo gbọ́ ohun tí o sọ sí i létí; ìwọ lo máa ru ìwé tuntun wá."

Ọ̀ọ́dúnrún àkọ́kọ́ ńkọ́? Ìyàwó Bàbá Ọlápọ̀sí ló ń fi wọ́n di ẹja yíyan fún oníbàárà níbi tó ti ń tajà ní Ladi-Lak.

"Ọjọ́ gbogbo ni ti olè," Bàbá sọ bó ṣe ń gbé kàlẹ́ńdà tuntun lọ, "ọjọ́ kan ni ti olóhun."

Delight mọ ọjọ́ náà dáadáa: Sọ́ńdè ni. Ẹ̀yin ọmọ, ohun tí a bá jí lò, ọjọ́ tí a nílò rẹ̀ jù lọ ló máa ń já wa kulẹ̀.