Èédú Kì Í Hù Lórí Àwo Dídán

"Ṣé o kò ní ojú ni?"

"Ṣé ojú mi lẹ bá wá, àbí iṣẹ́?"

"Ta ló ní kí o máa ha ohun tí bàbá mi fi odindi ọ̀sẹ̀ mú dán?"

"Ṣé ẹ lè bá mi bẹ bàbá yín kí wọ́n má mú un dán tó báyìí mọ́?"

Báyìí ni wọ́n ṣe pàdé. Ọmọbìnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìwádìí, ó gbé àpótí àwo tí bàbá rẹ̀ ń mú dán fún wọn dání. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà jókòó, lẹ́búlẹ́bú òkúta tí ó fi ń ha àwo kún ọwọ́ rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa fi gáàsì gbígbóná gbin èédú sójú àwo, kí ó hù di awọ tí ó fẹ́lẹ́ ju irun orí lọ. Níṣojú ọmọbìnrin náà, ó fi abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ kan wọ́ ojú irú awọ bẹ́ẹ̀, bí afọ́jú ti ń fi ìka wá ọ̀nà. Òkè àti àfonífojì sì yọ nínú àwòrán tí ẹ̀rọ náà yà.

"Gbogbo èyí wà lójú ohun tó ń yọ̀ mí lọ́wọ́?"

"Ibi tí mo bá ha ni ó ti ń ta gbòǹgbò. Lórí àwo dídán, ṣíṣí ni yóò ṣí kúrò."

"Ìwọ Ahàwo yìí, ẹnu rẹ dùn."

"Ẹ wá gbọ́ ìyókù lọ́la."

Ó wá, ó sì ń wá títí tí kò fi gbé àpótí kankan dání mọ́. Yàrá náà ti di àtìpa báyìí, ṣùgbọ́n àwọn tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ṣì ń rántí ẹ̀rín tó máa ń gba ojú fèrèsé rẹ̀ jáde nírọ̀lẹ́.

Nígbà tí wọ́n sọ pé àwọn fẹ́ fẹ́ ara àwọn, bàbá ọmọbìnrin náà kọ̀ jálẹ̀. "Èmi ń tún un ṣe, òun ń bà á jẹ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni n ó fi ọmọ fún?" Ọmọbìnrin náà kò sì ní gba ẹ̀yìn bàbá rẹ̀ lọ sílé ọkọ. Ọdún ń gorí ọdún.

"Olólùfẹ́ mi, ṣé kò tí ì sú ọ?"

"Ẹni tó ń gbin èédú kì í kánjú."

Níkẹyìn, àgbà náà gbé àwo kan tó ń dán gbinrin lé e lọ́wọ́. "Gbin èédú rẹ sórí èyí láì ha á. Bí ó bá mú, ọmọ di tìrẹ. Bí kò bá mú, má padà wá mọ́."

"Ha á díẹ̀," ni olólùfẹ́ rẹ̀ sọ fún un kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Bàbá kò lè rí i."

Ó mi orí pé rárá.

Nígbà tí ó gbé àwo náà padà, àgbà náà fi àtàǹpàkò nù ún. Èédú ṣí kúrò bí eruku.

"Kò mú, bàbá."

"O mọ̀ pé ojú mi ti ń ṣe bàìbàì. O kò ṣe ha á?"

"Ẹ ní kí n má ha á ni, sà."

Àgbà náà gbé àwo náà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó kọjú sí ilẹ̀kùn.

"Ìwọ tó ń yọjú níbẹ̀ yẹn, nu omijé rẹ kí o wọlé. Mo ti fi ọ́ fún un."