Àmì Dúdú Ojú Kọ̀ǹpútà

Ìgbà tí Mọ́rúfù kọ́kọ́ fojú kan Kúbúrátù, ńṣe ni ọmọbìnrin náà ń fi èékánná ha gíláàsì kọ̀ǹpútà bí ẹni ń ha ìdí ìkòkò tó jóná. Ìborùn rẹ̀ ti yọ̀ sí èjìká, àwọn lẹ́tà aláwọ̀ ewé inú ẹ̀rọ náà sì ń tàn sí i lójú. Ọmọ náà rẹwà, ẹ jẹ́ ká má parọ́. Mọ́rúfù gbàgbé láti kan ilẹ̀kùn.

Ọdún 1988 ni, ní ọ́fíìsì Lọ́yà Bọ́dúnrìn ní òpópónà Fọlágbadé, Ìjẹ̀bú-Òde. Kúbúrátù ni akọ̀wé tó ń fi kọ̀ǹpútà náà tẹ̀wé. Gárántì ọdún kan ṣì wà lórí rẹ̀, ìdí nìyẹn tí iléeṣẹ́ tó tà á ní Ìkẹjà fi rán Mọ́rúfù, ẹlẹ́rọ wọn, wá.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Kí ló ṣe é?"

"Ẹ káàbọ̀, sà. Àmì dúdú kan ló wà lójú ẹ̀ tó ń gbé lẹ́tà mì. Ibikíbi tí mo bá ti ń kà ló wà."

Mọ́rúfù bẹ̀rẹ̀, ó wò ó lókè, ó wò ó nísàlẹ̀, ó fi aṣọ nù ún. Kò rí nǹkan kan.

Òfin gárántì náà kò ṣòro. Wọn kì í torí àmì kékeré kan pààrọ̀ ojú ẹ̀rọ, àfi bó bá wà láàárín gbùngbùn, tó ń fẹ̀ sí i, tí ẹni tí iléeṣẹ́ rán sì fi ojú ara rẹ̀ rí i. Bí Mọ́rúfù bá ní òun kò rí i, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí níbẹ̀ nìyẹn, kò sì ní rí ọmọbìnrin yìí mọ́.

"Àbí ẹ ò rí i ni?" Kúbúrátù ń wò ó bí ẹni ń retí ìdájọ́. "Lọ́yà ti ń sọ pé mò ń ṣọ̀lẹ."

"Mo rí i," ni Mọ́rúfù wí. "Òun nìyí láàárín. Màá padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ká wò ó bóyá ó ń fẹ̀ sí i."

Irọ́ gbáà! Ṣùgbọ́n ìfẹ́ ti wọ̀ ọ́ lára, kò sì rò pé irọ́ bẹ́ẹ̀ lè pa ẹnikẹ́ni lára.

Bó ṣe di alábẹ̀wò ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ nìyẹn, pẹ̀lú gúgúrú àti ẹ̀pà lọ́wọ́.

"Bùọ̀dá Mọ́rúfù, ṣé ẹ̀rọ lẹ wá wò ni, àbí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́?"

"Gárántì mi ò yọ ẹnì kankan sílẹ̀."

"Ẹ kúrò níbẹ̀, ẹlẹ́nu dídùn!"

Nígbà tí òjò fi máa dá, 'Bùọ̀dá Mọ́rúfù' ti di 'olólùfẹ́ mi' lẹ́nu Kúbúrátù. Àwọn ẹbí Mọ́rúfù wá láti Ìjẹ̀bú-Igbó, Alhaji Ràsákì tó bí Kúbúrátù gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n sì dájọ́ yìgì.

Inú dídùn yìí ló mú kí Mọ́rúfù jẹ́rìí fún iléeṣẹ́ pé àmì náà ti fẹ̀. Wọ́n fún un ní ojú ẹ̀rọ tuntun, ó gbé e wá, ó sì tàn án.

Kúbúrátù wò ó títí. Ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀.

"Ó ṣì wà níbẹ̀." Ó yíjú sí ògiri. "Ó wà lára ògiri." Ó wo ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀. "Ó wà lójú ìwọ náà, Mọ́rúfù. Mi ò rí imú ẹ."

Ní ọsibítù n'Íbàdàn, dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì mí kanlẹ̀. "Ẹ̀yìn ojú ló ń kú. Ká ní ìgbà tó kọ́kọ́ rí àmì yẹn lẹ ti gbé e wá ni, à bá dá a dúró. Ó ti pẹ́ jù. Kò ní pẹ́ tí kò fi ní ríran mọ́."

"Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rọ ní ara ẹ̀rọ ló wà!" ni Alhaji figbe ta. "Ó ní òun náà rí i!"

Mọ́rúfù dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "N kò rí i, Bàbá. N kò rí i rí. Mo parọ́ kí n lè máa padà wá."

Alhaji kò ṣépè. "Dìde. Má ṣe jẹ́ kí n tún rí ẹ nílé mi." Kúbúrátù di apá bàbá rẹ̀ mú, wọ́n sì jáde.

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Ẹlẹ́rọ ni Mọ́rúfù, ó mọ̀ pé ohun tó wà lára gíláàsì kì í bá ojú ẹni rìn. Ọmọbìnrin náà ti sọ ọ́ fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́, etí rẹ̀ gbọ́, ọkàn rẹ̀ ni kò jẹ́ kó gbọ́. Ó ń ronú pé ikú ìbá sàn ju ìyà yìí lọ.

Àárọ̀ ọjọ́ kan tí Alhaji kò sí nílé ni Kúbúrátù ránṣẹ́ pè é. Pálọ̀ bàbá rẹ̀ ló jókòó sí, ó rù gan-an.

"Mo bínú sí ẹ títí ó fi rẹ̀ mí," ó wí. "Mi ò ní parọ́ fún ẹ pé mo ti dárí jì ẹ́. Bóyá lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n ìwọ náà ni mo fẹ́. Bàbá ní ká sún yìgì síwájú títí ara mi á fi yá. Ara mi ò ní yá. Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni mo fẹ́ ẹ, kí n lè fojú mi rí i."

Ẹkún ni Mọ́rúfù ń sun.

Yìgì náà kò lárinrin. Alhaji fọwọ́ sí i torí pé ọmọ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n kò gbé orí sókè. Bí àlùfáà ti ṣe àdúrà tán, Kúbúrátù fa ọkọ rẹ̀ lọ síbi fèrèsé. Ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ rí i, nítorí pé etí ojú nìkan ló kù tó fi ń ríran.

"Dúró jẹ́ẹ́," ó wí. "Má sunkún, ojú ẹ á yàtọ̀. Bó ṣe wà yìí ni mo fẹ́ máa rántí ẹ."

Mọ́rúfù dúró. Ó dúró títí oòrùn fi kúrò lójú fèrèsé.