Ọwọ́ Méjì Lórí Bọ́tìnnì

"Gọ́ọ̀mù, Màmá ń pè ọ́. Kíá!" Akọ̀wé ọ̀gá wọn ló yọjú.

Ọmọbìnrin náà nu ọwọ́ rẹ̀. Ìdí àlẹ̀mọ́ ìwé ni wọ́n fi í sí nílé ìtẹ̀wé yìí, ni orúkọ náà bá lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ó mọ ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ pè é. Abẹ́rẹ́, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó tín-ín-rín bí orúkọ rẹ̀, ti kọ̀wé fẹjọ́ sùn pé fọ́mánù, ọkùnrin tó ń darí àwọn òṣìṣẹ́, ń fọwọ́ pa òun lára nídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé ìwé. Gọ́ọ̀mù nìkan ló wà nítòsí lọ́jọ́ náà, ó sì rí i kedere.

Àmọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí àwọn méjèèjì kò kí ara wọn. Ọ̀rẹ́ tí í jọ pín búrẹ́dì jẹ ni wọ́n tẹ́lẹ̀ o! Abẹ́rẹ́ ló lọ tú u fún gbogbo ilé iṣẹ́ pé Gọ́ọ̀mù fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì nínú ìdánwò àṣejáde. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi lọ sunkún nílé ìgbọ̀nsẹ̀.

Fọ́mánù dá a dúró lójú ọ̀nà. "Àbúrò mi àtàtà," ó ń rọra sọ̀rọ̀ bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún, "ìwọ àti ọmọ yẹn ò kúkú rẹ́. Ṣáà sọ pé o ò rí nǹkan kan. Tó bá di Mọ́ńdè, ìdí kọ̀ǹpútà lo máa wà."

Ìdí kọ̀ǹpútà! Ọdún kan gbáko ló ti ń bẹ̀bẹ̀ fún un. Ọkàn rẹ̀ sì ń sọ fún un pé, jẹ́ kí Abẹ́rẹ́ náà lọ sunkún tiẹ̀.

Ní ọ́fíìsì, Màmá tó ni ilé ìtẹ̀wé bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó kọjú sí Abẹ́rẹ́. "Tó bá fọwọ́ kàn ọ́ lóòótọ́, kí ló dé tí o ò gbọ́n ọwọ́ ẹ̀ dànù? Tó bá jẹ́ irọ́ lo pa, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ lónìí."

Abẹ́rẹ́ fẹ́ ṣàlàyé, àmọ́ fọ́mánù já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀.

"Màmá, ẹ bi Gọ́ọ̀mù," ni fọ́mánù wí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Gọ́ọ̀mù wo Abẹ́rẹ́. Inú ṣì ń bí Gọ́ọ̀mù, àmọ́ ìbínú kò yí ohun tí ojú rẹ̀ rí padà.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ ká lọ sídìí ẹ̀rọ."

Wọ́n débẹ̀. "Ẹ fọwọ́ ọ̀tún tẹ bọ́tìnnì yìí, kí ẹ fi tòsì tẹ ìkejì. Tí ẹ bá gbé ọwọ́ kan kúrò, abẹ á dúró láàárín, ìwé á bà jẹ́, fọ́mánù á sì ní òun á lé wa."

Màmá tẹ méjèèjì. Gọ́ọ̀mù bọ́ sẹ́yìn rẹ̀, ó gbọ́wọ́ lé e léjìká. "Ó yá, ẹ gbọ́n mi dànù."

Màmá ò lè mira.

"Ìgbà tí ọwọ́ wa bá há báyìí ló máa ń wá. Mo fojú ara mi rí i."

"Irọ́ ni!" Fọ́mánù fò sókè. "Ìwọ olódo tó fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì!"

"Bẹ́ẹ̀ ni sà, mo fìdí rẹmi. Àmọ́ mi ò ní fìdí rẹmi nínú tòní."

Obìnrin kan nawọ́ sókè nídìí àlẹ̀mọ́. "Ó ṣe èmi náà bẹ́ẹ̀." Ẹlòmíràn tún nawọ́. Màmá ní kí fọ́mánù máa lọ. Kí ọ̀sán tó pọ́n, ó ti kó ẹrù rẹ̀ jáde.

Abẹ́rẹ́ gun orí ìdì ìwé, ó kígbe: "Ẹ̀yin tí mo tú àṣírí ọ̀rẹ́ mi fún, ẹ dákun, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́!"

"Ìjà wa ṣì wà nílẹ̀ o," ni Gọ́ọ̀mù dáhùn. "Lásìkò oúnjẹ la máa jà á parí. Ìwọ lo máa ra búrẹ́dì!"

Àtẹ́wọ́ àti ẹ̀rín bo ariwo ẹ̀rọ mọ́lẹ̀. Gọ́ọ̀mù padà sídìí àlẹ̀mọ́ rẹ̀, ó gbórí sókè. Kò rí ìdí kọ̀ǹpútà gbà lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ó ti mọ ohun kan dájú: ọ̀tọ̀ ni ìjà, ọ̀tọ̀ ni ẹ̀rí. Ẹni tí a ń bínú sí pàápàá ní ẹ̀tọ́ sí òtítọ́ tó wà lẹ́nu wa.