Òrí Inú Ilé Obì

Gbalaja ni Bùsírátù kọ́kọ́ rí i, tó nà sílẹ̀ láàárín apẹ̀rẹ̀ obì nínú ilé ìkẹ́rùsí bàbá rẹ̀ ní Láfẹ́nwá, tó ń wo páànù òrùlé bí ẹni ń ka ìràwọ̀ lọ́sàn-án.

"Ẹ gbà mí o! Ọkùnrin yìí ti kú!"

"N ò tíì kú," ọkùnrin náà fèsì, "ṣùgbọ́n bí mo bá pẹ́ níbí, màá kú."

Mọ́nsúrù ni, wolé-wolé tuntun, ọmọ Kọ́bapẹ́. Lóṣù yẹn, lọ́dún 1983, ooru ti mú kí méjì dákú nínú àwọn obìnrin tó ń ṣa obì níbẹ̀, òun náà sì wá fara wò ó. Ó fún Alàájì Sàlàhúdíìnì, bàbá Bùsírátù, ní ọjọ́ mọ́kànlélógún: kí ilé náà tutù, tàbí kí ìjọba tì í pa. Ó gbé òrí sínú àwo, ó fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó àwọn obìnrin.

"Bí èyí bá yọ́ lọ́sàn-án, ilé yìí kò tíì yẹ ọmọ ènìyàn."

Wọ́n kun páànù ní ẹfun. Wọ́n la fèrèsé sí ìhà odò Ògùn. Ojoojúmọ́ ni Mọ́nsúrù ń yọjú.

"Ẹ̀yin wolé-wolé," Bùsírátù bi í, "ṣé ilé lẹ wá ń wò ni, àbí ọmọ onílé?"

"Méjèèjì ni, Àjọkẹ́," Mọ́nsúrù fi oríkì pè é. "Mi ò tíì rí àléébù lára èkejì."

Alàájì gbọ́. "Kí ilé mi yege ná! Mi ò ní fọmọ fún ẹni tó tilẹ̀kùn oúnjẹ mi."

Lọ́jọ́ kọkànlélógún, oòrùn mú ganrínganrín. Bùsírátù mọ̀ pé òrí yóò yọ́. Kí Mọ́nsúrù tó dé, ó ti ki ìdí àwo bọ omi àmù. Òrí dì gbagidi, Alàájì ń rẹ́rìn-ín.

Mọ́nsúrù gbé àwo. Ìdí rẹ̀ tutù. Ó wo Bùsírátù, ojú ọmọbìnrin náà wálẹ̀.

"Àjọkẹ́, òrí rí omi àmù. Ìyá Àsíátù tó ń ṣa obì níbí láti àárọ̀ ńkọ́?"

Ó nu àwo, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá arúgbó náà. Kò pẹ́, òrí yọ́. Mọ́nsúrù kọ ọ́ sínú ìwé pé ilé kò yege. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Bùsírátù sunkún.

"Irọ́ ni!" Alàájì pariwo. Ó fi ìbínú jókòó sí àyè Ìyá Àsíátù, kó lè fi hàn pé ooru kankan kò sí. Kí wọ́n tó pe ìrun Alásárì, agbádá rẹ̀ ti rin gbindin. Ó dìde, ó jáde síta. Lọ́jọ́ kejì, ó ránṣẹ́ sí káfíńtà pé kó wá gbé òrùlé sókè, kí ooru lè rí ọ̀nà jáde.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ilé fi wà ní títì, òrí dì lọ́sàn-án gangan. Ẹnikẹ́ni kò bu omi sí i.

"Mọ́nsúrù," ni Alàájì wí, "ẹni tí kò parọ́ fún mi nítorí ọmọ mi, kò ní parọ́ fún ọmọ mi. Ní kí àwọn ẹbí rẹ máa bọ̀."

Alàámúdù lílàì! Lọ́jọ́ tí wọ́n so yìgì, Bùsírátù gbé àwo òrí náà wọlé ọkọ.

"Olówó orí mi, n ò fi omi àmù kàn án o. Ẹ wò ó."

Mọ́nsúrù kò wò ó. Ó kàn ṣí fèrèsé yàrá méjèèjì fún ìyàwó rẹ̀.