Falilath Kò Fi Ìkankan Sílẹ̀

Orí àkàbà ni Uriel wà lọ́jọ́ tí ó kọ́kọ́ rí i. Ó ń jó òrùka irin mọ́ pátákó ní pápá bọ́ọ̀lù bàskẹ́ẹ̀tì ìlú Pobè nígbà tí ó gbọ́ ohùn ọmọbìnrin kan nísàlẹ̀. Ó ṣí awò dúdú kúrò lójú. Ọmọbìnrin náà ga, ó wé ìbòrí dúdú, ó wọ ṣòkòtò gígùn, ó sì mú bàtà rẹ̀ lọ́wọ́. Òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó dúró gbọn-in níwájú Martial, kóòṣì ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Pobè.

"Kóòṣì, ẹ tún un sọ kí gbogbo wọn gbọ́."

"Mo ní kí o ṣí orí rẹ, kí o sì wọ ṣòkòtò kúkúrú bíi tàwọn yòókù," Martial dáhùn. "Bí o kò bá lè ṣe é, máa lọ sílé."

"Ṣé mi ò mọ bọ́ọ̀lù gbá ni?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Ó dáa. Mò ń lọ sílé. Sakété ni ilé mi, kò sì jìnnà. Màá padà wá, èmi àti àwọn mọ́kànlá mìíràn, a ó sì gba ife yín lọ́wọ́ yín."

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà bú sẹ́rìn-ín. Martial pẹ̀lú rẹ́rìn-ín, nítorí ọdún márùn-ún gbáko ni Àwọn Ẹkùn Pobè ti fi gba ife agbègbè Plateau, kò sì tíì sí ìlú tí ó sún mọ́ wọn ju ogún àmì lọ.

Ọmọbìnrin náà gbójú sókè sí àkàbà. "Ẹ̀yin ajórin, ṣé ẹ lè ṣe irú òrùka yẹn fún mi? Méjì ni mo fẹ́."

"Mo lè ṣe é," ni Uriel wí kí ó tó rò ó.

"Ọ̀la ńkọ́?"

"Ọ̀la náà dára."

Ó sọ ibi tí yóò wá fún un, ó wọ bàtà rẹ̀, ó sì jáde láìwẹ̀yìn. Uriel wò ó títí tí ó fi kọjá ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀, irin ti tutù, ó sì di dandan kí ó tún un bẹ̀rẹ̀.

Falilath ni orúkọ rẹ̀. Alájì Ṣàmsídéènì, oníṣòwò aṣọ ní ọjà Sakété, ni bàbá rẹ̀. Ní lísè, ilé ẹ̀kọ́ girama, tí ó lọ ní Porto-Novo ni ó ti kọ́ bọ́ọ̀lù, ó sì ti padà wálé wá máa ran bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù. Ìyá rẹ̀, Àsíátù, ní ilẹ̀ kan lẹ́yìn ọjà tí wọ́n ti ń sá àgbàdo nígbà kan. Nígbà tí Falilath tọrọ rẹ̀, ìyá náà wo ọmọ rẹ̀ láti òkè délẹ̀. "Ilẹ̀ mi ni," ó ní. "Bí bàbá rẹ bá bínú, kí ó wá bá mi sọ ọ́."

Uriel dé lọ́jọ́ kejì lórí alùpùpù rẹ̀, ó so irin mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ẹ pẹ́," Falilath wí.

"Ọ̀nà ni."

"Ọ̀nà kọ́. Epo àkàrà ṣì wà létí ẹnu yín."

Uriel fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu kíákíá, ojú sì tì í. Falilath rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. Láti ọjọ́ yẹn ni ọkàn ajórin náà ti ń gbé ní Sakété, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Pobè ni ó ń sùn.

Kíkó ẹgbẹ́ jọ kò rọrùn. Falilath wọ ilé àwọn aránṣọ, ó wọ ilé ẹ̀kọ́, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà àwọn onídìrí. Ọ̀dọ̀ onídìrí kan ni ó ti rí Pélagie, ọmọ iṣẹ́ tí ọwọ́ òsì rẹ̀ yá ju ojú àwọn oníbàárà lọ. Ní Aguidi, lẹ́bàá Sakété, ó rí ọmọbìnrin kan tí ń ju àpò ẹ̀gẹ́ sórí ọkọ̀ akẹ́rù, bí ẹni ń ju ìrọ̀rí.

"Ṣé o ti ju bọ́ọ̀lù rí?" Falilath bi í.

"Bọ́ọ̀lù wo? Ṣé ẹ ò rí iṣẹ́ lọ́wọ́ mi ni?"

"Bọ́ọ̀lù fúyẹ́ ju èyí lọ. Kí ni orúkọ rẹ?"

"Rosine."

"Rosine, wá sí Sakété ní Sátidé. Bí kò bá dùn mọ́ ọ, má padà wá mọ́."

Rosine wá, kò sì lọ mọ́. Kí oṣù méjì tó pé, wọ́n di méjìlá.

Láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni Uriel ti parí òrùka méjèèjì, síbẹ̀ gbogbo ọ̀sán Sátidé ni ó ń wá. Bí wọ́n bá bi í léèrè, á ní òrùka náà kò tíì dúró dáadáa.

"Bọ̀ọ́dá Uriel," Rosine wí lọ́jọ́ kan, "òrùka yẹn ti dúró ju ẹ̀yin fúnra yín lọ. Ẹ ẹ̀ rí bí ẹsẹ̀ yín ṣe ń gbọ̀n bí Àǹtí Falilath bá kọjá?"

Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ wọn àkọ́kọ́ pẹ̀lú Pobè burú. Mọ́kànlélọ́gọ́ta sí mẹ́rìnlá. Àwọn èrò ìwòran ń kọrin yẹ̀yẹ́ tẹ̀lé ọkọ̀ wọn jáde. Nínú ọkọ̀, Pélagie ń sunkún.

"Ta ló ju mẹ́jọ nínú mẹ́rìnlá yẹn?" Falilath béèrè.

"Èmi ni," Pélagie dáhùn pẹ̀lú omijé.

"Lọ́dún tó kọjá, Sakété ò ní ẹgbẹ́ rárá. A ti mú mẹ́rìnlá lọ́wọ́ wọn. Ọ̀la, kí gbogbo yín wá sí pápá."

Uriel, tí ó jókòó lẹ́yìn, wúkọ́ díẹ̀. "Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń tún nǹkan ṣe ní pápá àwọn Ẹkùn," ó ní. "Orí àkàbà ni mo ti ń wò wọ́n. Ọwọ́ ọ̀tún ni gbogbo wọn máa ń gbà. Bí ẹnì kan bá dí ọ̀tún, wọn ò mọ ibi tí wọ́n máa gbà mọ́."

Falilath yíjú padà, ó tẹjú mọ́ ọn. "Láti ìgbà wo lo ti mọ èyí?"

"Kò sí ẹni tó bi mí."

Bẹ́ẹ̀ ni ajórin di ojú ẹgbẹ́ náà. Ní ìrọ̀lẹ́ kan tí àwọn yòókù ti lọ, Uriel dúró lábẹ́ òrùka, ó ń fi ẹsẹ̀ fa ilẹ̀ pupa.

"Falilath, òrùka yìí ti dúró láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́."

"Mo mọ̀."

"O mọ̀? Kí ló dé tí o kò lé mi?"

"Kí ló dé tí ìwọ ò yéé wá?"

"Nítorí rẹ ni. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ."

"Oṣù mẹ́rin ni mo ti ń dúró kí o sọ ọ́," Falilath wí jẹ́jẹ́. "Ọ̀rọ̀ ò yá lẹ́nu rẹ bí iná ṣe yá lọ́wọ́ rẹ, ọkàn mi."

Ọ̀rọ̀ náà kò pẹ́ tí ó fi dé etí Alájì. Ó pe ọmọ rẹ̀ sínú ṣọ́ọ̀bù, ó ti ilẹ̀kùn. Ó ti ń bá Taofik, oníṣòwò ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Porto-Novo, sọ̀rọ̀ láti fi Falilath fún un ní ìyàwó.

"Wọ́n ní ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ni ò ń bá rìn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Nítorí ìyá rẹ ni mo ṣe gba ti bọ́ọ̀lù. N kò lè gba méjì. Yan ọ̀kan: bọ́ọ̀lù, tàbí ọkùnrin yẹn. Bí o bá mú méjèèjì, má pè mí ní bàbá mọ́."

Falilath kúnlẹ̀, ohùn rẹ̀ kò sì gbọ̀n. "Mi ò ní yan, Bàbá. Mo fẹ́ bọ́ọ̀lù, mo fẹ́ Uriel, mo sì fẹ́ ẹ̀yin náà. Bí ẹ bá kọ̀ mí, èmi ò ní kọ̀ yín."

Láti ọjọ́ náà Alájì dákẹ́ sí i. Àràárọ̀ ni Falilath ń kí i lórí ìkúnlẹ̀, àràárọ̀ ni Alájì ń yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ní Pobè, ìyá Uriel, Suzanne, kò gbà pẹ̀lú ọmọ tirẹ̀. "Ọmọ mùsùlùmí? Ṣé ó máa bọ́ bàtà rẹ̀ tẹ̀lé ọ wá sí ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Rárá, Màmá. Èmi náà ò ní lọ mọ́ṣáláṣí."

"Kí wá lẹ máa ṣe?"

"A máa jọ gbélé."

Suzanne pòṣé, ó sì wọlé lọ.

Martial ni ó kàn. Ọwọ́ rẹ̀ ni Uriel ti ń gba iṣẹ́ àga àti tábìlì àwọn ilé ẹ̀kọ́ ṣe. Ó ránṣẹ́ pè é. "Mo gbọ́ pé o ń tú àṣírí wa fún Sakété. Fi wọ́n sílẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wá iṣẹ́ síbòmíràn." Uriel kó ẹ̀rọ ìjórin rẹ̀ kúrò lọ́jọ́ náà gan-an. Ṣùgbọ́n kò sọ fún Falilath. Ẹnu Rosine ni Falilath ti gbọ́.

"O fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí mi, o sì fi pa mọ́ fún mi?"

"Mi ò fẹ́ kí ó dà ọ́ láàmú."

"Bàbá mi ń rò ó fún mi, Martial ń rò ó fún mi, ìwọ náà ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀? Máa lọ, Uriel. Má padà wá àfi tí o bá mọ̀ pé ojú mi là sílẹ̀."

Sátidé méjì kọjá, Uriel kò wá. Falilath ń ju bọ́ọ̀lù, kò wọlé. Ní Sátidé kẹta, alùpùpù rẹ̀ dún lẹ́nu ọ̀nà. Uriel ti rù.

"Mo wá sọ òótọ́," ó ní, níwájú gbogbo wọn. "Iṣẹ́ ò sí. Ebi ń pa mí. Ẹ̀rù ń bà mí pé n kò ní nǹkan kan tí màá fi fẹ́ ọ. Mo sì fẹ́ kí o mọ gbogbo rẹ̀."

Falilath gbìyànjú láti le ojú mọ́ ọn, kò ṣeé ṣe. "Jókòó," ó wí. "Kọ́kọ́ jẹun ná." Lọ́sẹ̀ náà, Àsíátù yọ̀ǹda iwájú ilé ìkẹ́rùsí rẹ̀ fún un, Uriel sì ṣí ìsọ̀ tuntun ní Sakété, níbi tí gbogbo ayé ti lè rí i.

Ọdún yí po. Sakété borí ìlú mẹ́rin, wọ́n sì pàdé Pobè ní àṣekágbá, ní pápá Pobè. Èrò kún títí dé orí odi. Bí wọ́n ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, Martial lọ bá àwọn olùṣètò sọ̀rọ̀. Ọ̀kan nínú wọn wá bá Falilath: kí ó ṣí ìbòrí, tàbí kí ó jókòó.

Kí Falilath tó dáhùn, Rosine, tí àgbélébùú wà lọ́rùn rẹ̀, fa aṣọ kan yọ nínú àpò, ó sì fi wé orí. Pélagie ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo wọn ṣe bẹ́ẹ̀, títí dé orí ẹni kejìlá.

"Ó yá," Rosine wí. "Ẹ ní kí gbogbo wa jókòó."

Ariwo sọ. Ọkùnrin kan gba àárín èrò kọjá, agbádá rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Alájì Ṣàmsídéènì ni. Ó ti sọ nílé pé ọjà ló ń gbé òun lọ sí Pobè.

"Èmi ni bàbá rẹ̀," ó ké mọ́ olùṣètò náà. "Èmi gan-an ni mo ní kí ó fi nǹkan kan sílẹ̀, kò gbọ́ tèmi. Ṣé tìrẹ ló wá máa gbọ́?"

Gbogbo pápá rẹ́rìn-ín. Arlette, obìnrin tí ó wá ṣe adájọ́ eré náà láti Porto-Novo, ti gbọ́ ẹjọ́ náà tó. "Ó ti pẹ́ tí òfin àgbáyé ti fàyè gba ìbòrí," ó wí. "Mo fẹ́ fun fèrè. Ẹ kúrò nínú pápá."

Wọ́n dí ọ̀tún Pobè pa. Àwọn Ẹkùn sáré, wọ́n kọlu ara wọn, Martial ń pariwo. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin, wọ́n jọ ní ogójì, ogójì, nígbà tí Arlette fun fèrè sí Falilath: àṣìṣe karùn-ún. Ó di dandan kí ó jáde. Ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu.

"Wò wọ́n," Uriel wí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe."

Pobè ju mẹ́ta. Pélagie fi ọwọ́ òsì ju méjì. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án ló kù tí bọ́ọ̀lù bọ́ sọ́wọ́ Rosine. Àwọn méjì dì mọ́ ọn. Ó gbọ̀n wọ́n dànù, ó fò, ó sì tì í wọ inú àwọ̀n. Mẹ́rìnlélógójì sí mẹ́tàlélógójì.

Falilath kò mọ ìgbà tí ó sáré wọ pápá. Nígbà tí ó wá ojú bàbá rẹ̀ nínú èrò, Alájì ti lọ.

Lọ́jọ́ kejì ni Uriel bi í. "Ṣé o máa fẹ́ mi?"

"Ní mẹ́rì," Falilath dáhùn. "Níwájú ìjọba. Kí o máa lọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ, kí èmi máa kírun mi. Ẹnikẹ́ni nínú wa ò ní tẹ̀ fún ẹnì kejì."

"Bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ ẹ."

Wọ́n lọ sọ fún Alájì. Ó gbọ́ wọn tán. "N kò ní dí yín lọ́wọ́," ó ní. "Ṣùgbọ́n ẹ má retí mi."

Àárọ̀ Sátidé ni ìgbéyàwó náà, ní mẹ́rì, ilé ìjọba ìlú Sakété. Suzanne dé pẹ̀lú ojú líle, ó jókòó ti Àsíátù. Kí ó tó pẹ́, àwọn méjèèjì ti ń ṣàròyé àwọn ọmọ wọn sí ara wọn létí. Òṣìṣẹ́ mẹ́rì ka òfin, ó gbójú sókè.

"Ta ni ẹlẹ́rìí ìyàwó?"

Rosine dìde. Ilẹ̀kùn ṣí lẹ́yìn rẹ̀. Alájì wọlé, ó rìn tààrà dé iwájú tábìlì, Rosine sì rọra padà jókòó.

"Èmi ni ẹlẹ́rìí rẹ̀," ó wí. "Níbo ni kí n fọwọ́ sí?"

Ó kọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún, láìkánjú. Lẹ́yìn náà ó wo Uriel. "N kò tíì gbà ọ́ o. Ọmọ mi ni mo wá dúró tì."

"Mo gbọ́, Bàbá. Màá dúró títí ẹ ó fi gbà mí."

"Ó máa pẹ́."

"Ibí náà lẹ máa bá mi."

Alájì fẹ́ dáhùn, ṣùgbọ́n Falilath ti gba kálàmù lọ́wọ́ rẹ̀. Omijé ń bọ́ lójú ọmọbìnrin náà, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ó tẹ̀ síwájú, ó sì fọwọ́ sí i.