Ìdọ̀bálẹ̀ Ọ̀ṣunrẹ̀mí

Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ kan ní ọdún 1982 ni ìròyìn náà dé Kémta, bí àwọn ọkùnrin ti ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀ tí wọ́n ká ẹní ìkírun mọ́ abíyá. Bùsírátù ń da omi sínú àmù nígbà tí Bàbá Fájánà yọ lẹ́nu ọ̀nà. Àgbẹ̀ ni baba náà, abúlé kan lẹ́yìn Itori ló ti wá. Òun ló bí Ọ̀ṣunrẹ̀mí, ọkùnrin tí ọkàn Bùsírátù yàn, tó wà lẹ́wọ̀n.

"Ẹ kú ọ̀nà, Bàbá," ni Bùsírátù wí, ó kúnlẹ̀. "Ọjọ́ Ajé ni kóòtù gíga máa gbọ́ ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn wa. Lọ́yà ní kí ẹ wọ aṣọ tó mọ́ wá o."

Baba náà jókòó sórí àpótí kékeré tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó ń fọwọ́ pa àpótí náà lára bí ẹni tó ń pa ẹ̀yìn ọmọ.

"A ò ní lọ mọ́, ọmọ mi," ni ó wí. "Ibà ló mú un. Wọ́n ní kí n wá gbé e lánàá. A ti sin ín."

Igbá bọ́ lọ́wọ́ Bùsírátù. Omi náà ṣàn títí ó fi dé abẹ́ àpótí, ó sì ń wò ó. Ọ̀ṣunrẹ̀mí ló kan àpótí yẹn fún un.

Káfíńtà ni Ọ̀ṣunrẹ̀mí. Alhaji Láwàlì, bàbá Bùsírátù, ló pè é pé kó wá kan pẹpẹ sí ṣọ́ọ̀bù aṣọ òun ní Òkè-Ìlẹ̀wọ̀. Ọjọ́ tí Bùsírátù kọ́kọ́ rí i, ìyẹ̀fun pákó ti sọ gbogbo irun orí rẹ̀ di funfun.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá àgbà," ni Bùsírátù fi ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀.

"A dúpẹ́, ìyá àgbà. Ṣé omi lo gbé wá fún ọkọ rẹ?"

Bùsírátù pòṣé. Ṣùgbọ́n ó lọ bu omi wá.

Láti ọjọ́ náà ni Ọ̀ṣunrẹ̀mí ti ń fi irinṣẹ́ sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Lónìí ayùn ni, lọ́la òòlù ni, èyí tó fín orúkọ ara rẹ̀ sí lórí èèkù. Pẹpẹ ti parí tán, kò dáwọ́ dúró. Bó bá ní iṣẹ́ kékeré kan láti tún ṣe níbẹ̀, yóò fi nǹkan sílẹ̀, ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò sì bá a lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ káàárọ̀, Alhaji. Mo tún gbàgbé òòlù mi."

"Ọmọkùnrin yìí, ọjọ́ kan ni wàá gbàgbé orí rẹ síbí."

Bùsírátù nìkan ló mọ̀ pé kì í ṣe ìgbàgbé. Ó ti bi í rí, ẹ̀rín ló fi dá a lóhùn. "Olólùfẹ́ mi, bí mi ò bá ní ohun tí mo wá gbà, kí ni màá ní mo wá ṣe?"

Nígbà tí Bàbá Fájánà wá tọrọ ìyàwó fún ọmọ rẹ̀, Alhaji Láwàlì fajú ro. Ó ní ọmọ ilé òòṣà kò lè fẹ́ ọmọ òun láìkírun.

"Alhaji, ẹ sọ mí ní Jùbrílù," ni Ọ̀ṣunrẹ̀mí wí láti ibi tó dọ̀bálẹ̀ sí. "Ẹ ṣáà jẹ́ kí Ọ̀ṣunrẹ̀mí bá a gbélé, kó má dá nìkan wà."

Alhaji kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín bọ́ sí i lẹ́nu. Ó ní kí wọ́n padà wá lẹ́yìn Iléyá.

Iléyá kò tíì pé tí olè fi fọ́ ṣọ́ọ̀bù. Òòlù ni wọ́n fi lu àgádágodo já, wọ́n sì sọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ọlọ́pàá ka orúkọ tó wà lórí èèkù rẹ̀. Kó tó di ọ̀sán, Ọ̀ṣunrẹ̀mí ti wà ní àtìmọ́lé.

Bùsírátù lọ bá kíláàkì ní kóòtù.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo gbọ́ pé ìjọba máa ń fún aláìní ní lọ́yà ọ̀fẹ́."

"Òótọ́ ni. Èkó ni wọ́n wà. Ẹjọ́ ìpànìyàn ló máa ń gbé wọn débí. Ṣé ẹni tìrẹ pa èèyàn ni?"

"Rárá o."

"Ó mà ṣe o," ni kíláàkì wí, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Bùsírátù padà sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Ó ní lọ́yà tó ń bá wọn rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ńkọ́?

"Ṣé èmi tí wọ́n jà lólè ni màá tún gba lọ́yà fún ẹni tí wọ́n ní ó jà mí?" ni Alhaji wí. Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ rọ̀. "Kò le tó bẹ́ẹ̀. Sọ fún un kó dọ̀bálẹ̀, kó bẹ̀bẹ̀. Èmi náà á dìde, màá ní mo ti dárí jì í. Ìyókù, a ó sọ ọ́ nílé."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Bùsírátù létí. Bí wọ́n ṣe ń parí ìjà ní pálọ̀ wọn nìyẹn láti kékeré rẹ̀. Ẹni tí kò ṣe nǹkan kan pàápàá á kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀, kí inú àgbà rọ̀, kó tó wá rojọ́. Ó gbé iṣẹ́ náà lọ sí àtìmọ́lé.

"Ṣé kí n sọ ìdí tí òòlù fi wà níbẹ̀?" ni Ọ̀ṣunrẹ̀mí bi í.

"Kí gbogbo Abẹ́òkúta lè gbọ́, kí wọ́n máa nawọ́ sí mi?"

Ọ̀ṣunrẹ̀mí rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó ti dáa, àyànfẹ́ mi. Mi ò ní sọ."

Ní kóòtù, wọ́n ka ẹ̀sùn, wọ́n sì túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ọ̀ṣunrẹ̀mí dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ má bínú, Olúwa mi. Alhaji, ẹ má bínú. Èmi ni mo fà á, èmi ni mo fi òòlù sílẹ̀."

Adájọ́ ń kọ ọ́ sílẹ̀. Alhaji Láwàlì dìde, ó gbé fìlà sọ́wọ́. "Olúwa mi, mo ti dárí jì í."

"Ẹ jókòó, Alhaji. Ẹni tó bá ṣẹ̀ là ń dárí jì." Adájọ́ wo inú kóòtù yí ká. "Ṣé ó ní agbẹjọ́rò?"

"Kò ní, Olúwa mi," ni kíláàkì wí.

Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fún un. Ọ̀ṣunrẹ̀mí ṣì wà nílẹ̀, ó ń retí kí ẹnì kan ní kó dìde, bí ọmọ tó kí àgbà ti máa ń retí. Ọlọ́pàá ló fà á sókè.

Lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, wọ́n mú máígàádì ṣọ́ọ̀bù náà ní Itori, òun àti aṣọ Alhaji tí wọ́n jí kó. Alhaji fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé àgọ́ ọlọ́pàá. Wọ́n ní ẹni tó ti gbà lẹ́nu ara rẹ̀ pé òun jẹ̀bi, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti kúrò lọ́wọ́ àwọn. Bùsírátù wá kiri títí ó fi rí Harriet, ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di lọ́yà, tó ní òun ò ní gba kọ́bọ̀.

"Kí ló dé tó fi òòlù sílẹ̀?" ni Harriet bi í.

"Nítorí tèmi ni, Àǹtí. Kó lè rí àwáwí padà wá ni."

"Wọn ò bi í ní kóòtù?"

"Kò sẹ́ni tó bi í."

Harriet bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, kò sì tètè wò ó sójú padà. "Ìbéèrè tí lọ́yà ì bá kọ́kọ́ bi í nìyẹn," ni ó wí.

Ìgbà ìkẹyìn tí Bùsírátù rí Ọ̀ṣunrẹ̀mí lẹ́wọ̀n, eegun èjìká rẹ̀ ti yọ. "Tí mo bá jáde," ni Ọ̀ṣunrẹ̀mí wí, "mi ò ní fi irinṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ yín mọ́. Ara mi ni màá fi sílẹ̀."

Ní alẹ́ ọjọ́ tí ìròyìn dé, Alhaji Láwàlì dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ọmọ rẹ̀.

"Bùsírá, má bínú."

"Ẹ má bẹ̀ mí, Bàbá," ni Bùsírátù wí. "Ẹ̀bẹ̀ ti pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Tèmi pẹ̀lú tiyín ni."

Ọjọ́ Ajé pé, ọjọ́ tí wọn ì bá gbọ́ ẹjọ́ náà. Bùsírátù gbé àpótí karí, ó lọ sí kóòtù tí wọ́n ti dá Ọ̀ṣunrẹ̀mí lẹ́bi. Kò síbi ìjókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbẹ̀. Ìyá arúgbó kan fara ti ògiri. Bùsírátù gbé àpótí náà sílẹ̀ fún un.

"Ẹ jókòó, Ìyá. Ta lẹ bá wá?"

"O ṣeun, ọmọ mi. Ọmọ mi ni. Wọ́n ní ó jí ewúrẹ́. Mo ti ní kó bẹ̀ wọ́n dáadáa."

"Ṣé ó jí i?"

"Kò jí i o."

Bùsírátù lóṣòó tì í. "Ìyá, ẹ jẹ́ ká tètè rí i kí wọ́n tó pè é. Ẹ ní kó má dọ̀bálẹ̀. Kó dúró, kó ní òun ò jẹ̀bi, kó ní òun fẹ́ lọ́yà. Mo mọ ẹnì kan tí a ó jọ lọ bá."

Nígbà tó ń lọ sílé ní ọ̀sán, ọlọ́pàá ẹnu ọ̀nà pè é.

"Sìsítà, o gbàgbé àpótí rẹ."

"Mi ò gbàgbé rẹ̀," ni Bùsírátù wí. "Mò ń bọ̀ wá gbà á lọ́la."