Rosdi Tún Ti Jẹun Wá

"Ẹ ò tíì fi nǹkan kan sẹ́nu láti àná, àbí?"

"Rárá o, nọ́ọ̀sì. Ebi ń pa mí kú lọ."

Ohun tí Rosdi, ọkùnrin tó ń fi aró tẹ aṣọ bàtíìkì, sọ fún mi nìyẹn láàárọ̀ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i ní ilé ìwòsàn wa ní ìlú Kota Bharu. À ń wádìí ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ àti bó ṣe ń dí ọ̀nà ọkàn pa, a sì ń wá àwọn tí ara wọn le tí a ó fi wé àwọn aláìsàn. Mo gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ yí i tán, omi tó lékè funfun bíi wàrà àgbọn.

Mo pè é padà. "Ọ̀gbẹ́ni, irọ́ lẹ pa! Ẹ ti jẹun. A ò lè lo èyí."

"Ìyá mi ni o. Ó ní òun ò ní í bímọ kí ebi máa pa á káàkiri."

Ó padà wá lọ́sẹ̀ kejì. Wàrà àgbọn. Lọ́sẹ̀ kẹta, bákan náà. Inú bí mi gan-an. "Ṣé inú ìkòkò ìrẹsì lẹ̀ ń sùn ni?"

Ó wolẹ̀. "Tí mo bá fi ikùn òfìfo wá, ẹ ò ní pè mí padà mọ́."

Mo fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló jáde. Láti ọjọ́ náà ni ara mi ò ti lélẹ̀ mọ́. Màá jókòó, màá dìde. Bí ilẹ̀kùn bá dún, màá sáré yọjú. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí n má purọ́.

Lẹ́yìn oṣù méjì tí a ti ń fẹ́ra, mo ní, "Olólùfẹ́ mi, ó tó gẹ́ẹ́. Gbààwẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nítorí mi." Ó gbà. Omi ẹ̀jẹ̀ náà mọ́ gaara. Mo ń yọ̀, àfi ìgbà tí èsì dé: ọ̀rá burúkú inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti ẹlòmíì. Dókítà fọwọ́ kan iṣan tó wú lẹ́yìn gìgísẹ̀ rẹ̀, ó ní àmì ọ̀rá tí èèyàn ń jogún nìyẹn.

"Kí ló pa bàbá yín?"

"Ọkàn rẹ̀ ló dédé dúró. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì ni."

Rosdi ti pé ọgbọ̀n. Dókítà fún un lóògùn, ó ní kò gbọdọ̀ pa á jẹ lọ́jọ́ kan.

Lọ́jọ́ kejì ló wá bá mi, ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Ìyá mi ní oògùn yẹn ò gbọdọ̀ wọlé òun. Ó ní ìwọ náà ò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Ṣé kí n wá kọ ìyá mi ni?"

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mi ò fi rí i. Oúnjẹ ò lọ lẹ́nu mi. Ọdún mọ́kànlá péré ló kù kó tó ọjọ́ orí bàbá rẹ̀! Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ̀, mi ò lè mú un mọ́ra mọ́. Mo lọ bọ́ bàtà sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn ilé Mek Som, ìyá rẹ̀. Kò ní kí n jókòó.

"Ìwọ lo ní oúnjẹ mi ló ń pa ọmọ mi?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀, mà?"

"Ogún ọdún ni àwọn ẹbí ọkọ mi ti ń sọ ọ́! Wọ́n ní ọbẹ̀ tí mo ń fi wàrà àgbọn sè ló pa á. Ìwọ náà wá fi ìwé dókítà gbè wọ́n lẹ́yìn!"

Àṣé ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn nìyí! Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Mà, wọ́n parọ́ mọ́ yín ni. Ìkòkò yín kọ́. Wọ́n bí ọ̀rá yẹn mọ́ Rosdi ni, láti ara bàbá rẹ̀, bí wọ́n ṣe bí imú yẹn mọ́ ọn. Ká ní ẹ̀fọ́ àti omi lásán lẹ fi ń bọ́ bàbá rẹ̀, ọ̀rá náà ì bá ṣì wà lára rẹ̀."

Ó di ọwọ́ mi mú pinpin. "Kì í ṣe èmi?"

"Ẹ̀yin kọ́, mà."

"Tún un sọ."

Mo tún un sọ. Igbe tó ké mú Rosdi sáré dé pẹ̀lú aró lọ́wọ́. "Kí lo ṣe fún ìyá mi?"

Mek Som nujú. "Pa ẹnu ẹ mọ́! Níbo lo tọ́jú oògùn yẹn sí? Lọ mú un wá, kí o lò ó lójú mi!"

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, Mek Som gbé òrùka wá sílé wa láti tọrọ mi fún ọmọ rẹ̀. Ìyá mi gbé oúnjẹ kalẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, gbogbo wọn ń jẹ, àfi Rosdi. Mo ń wò ó, ọkàn mi ò balẹ̀.

"Ìyàwó mi, fara balẹ̀," ni Mek Som wí. "Ẹ ò ní gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la ni? Èmi ni mo ní kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan."

Rosdi wo àwo ìrẹsì, ó wò mí. "Nọ́ọ̀sì, ebi ń pa mí kú lọ."

Lọ́tẹ̀ yìí, mo gbà á gbọ́.